Kọ̀ǹpútà wo ni kí n rà fún Flight Simulator X?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Géèmù Flight Simulator X, èyí tí wọ́n ń tà lórí Steam, ni mo fẹ́ máa gbá nílé. Owó ọwọ́ mi kò ká kọ̀ǹpútà tuntun, ìdí nìyẹn tí mo fi ń wo àlòkù. Mẹ́ta ni wọ́n fi hàn mí. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ pẹlẹbẹ, irú tí wọ́n máa ń lò ní ọ́fíìsì: processor rẹ̀, ìyẹn ọpọlọ rẹ̀, ni Core i5-4590, RAM 8 GB. Èkejì tóbi gan-an: Xeon E5-2680 v4 tó ní core mẹ́rìnlá, RAM 64 GB. Ẹ̀kẹta jẹ́ Core i3-10100, RAM 8 GB, kò ní káàdì graphics kankan. Ẹni tó ń tà wọ́n ní kí n mú oní-Xeon, kí n fi gbogbo owó tó bá ṣẹ́kù ra káàdì graphics ńlá, pé géèmù tó ti pẹ́ tó báyìí kò lè yọ ọ́ lẹ́nu láé. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n mi lágbára gan-an, síbẹ̀ ńṣe ni géèmù yìí ń fà lórí rẹ̀. Èwo ni kí n mú?"

Ìdáhùn: Oní-Core i3-10100 ni kí ẹ mú. Ó lè yà yín lẹ́nu, nítorí òun ni orúkọ rẹ̀ kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n fún géèmù tí ẹ dárúkọ yìí, òun ló máa sáré jù. Mo gbọ́ ohun tó wà nídìí ìbéèrè yín dáadáa: ẹ ti rí kọ̀ǹpútà alágbára tí géèmù àtijọ́ dá lágara, ẹ kò sì fẹ́ kó owó yín sínú irú rẹ̀. Ẹ̀rù yín tọ̀nà. Ẹni tó ń tajà fún yín kò purọ́ pé Xeon yẹn lágbára. Ibi tí ó ti ṣì í ni pé agbára tí Xeon ní kì í ṣe irú èyí tí Flight Simulator X mọ̀ ọ́n lò, bẹ́ẹ̀ ni pípẹ́ tí géèmù kan ti pẹ́ kò sọ pé kọ̀ǹpútà òde òní gbogbo ló lè gbé e fàlàlà.

Oṣù kẹwàá ọdún 2006 ni Microsoft gbé géèmù yìí jáde. Nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́ lọ́wọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn tó wà nídìí iṣẹ́ yìí ń retí ni pé iye GHz tí processor ní, ìyẹn bí eré rẹ̀ ṣe yá tó, yóò máa ga sí i bó ṣe ti ń ga bọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn tó kọ ọ́ gbé e ka orí ìrètí yẹn: wọ́n kó ohun púpọ̀ sínú rẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ìgbà náà kò tíì lè gbé, pé bó pẹ́ bó yá, kọ̀ǹpútà yóò bá a. Àmọ́ ọ̀nà ibòmíràn ni kọ̀ǹpútà gbà. Lọ́dún 2006 yẹn kan náà ni Intel gbé Core 2 Duo jáde, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń fi core (ẹ̀ka tó ń dá ṣiṣẹ́ nínú processor) kún core ju kí wọ́n máa fi GHz kún GHz lọ. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tó wúwo jù nínú Flight Simulator X, ìyẹn ìṣirò bí ọkọ̀ òfúrufú yín ṣe ń fò, ìrìn àwọn ọkọ̀ mìíràn lójú ọ̀run àti nínú pápákọ̀, àwọn ilé àti igi tó ń yọ lórí ilẹ̀ bí ẹ ṣe ń lọ, títí kan àṣẹ tó ń lọ sọ́dọ̀ káàdì graphics, orí core kan ṣoṣo ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń já lé. Àtúnṣe Service Pack 1 tó jáde ní 2007 jẹ́ kí àwọn core yòókù máa bá a gbé àwòrán ilẹ̀ wọlé, ó sì ṣèrànwọ́ gidi, àmọ́ kò sọ ẹrù orí core àkọ́kọ́ náà kalẹ̀. Ẹni mẹ́rìnlá kò lè jọ ti òwú kan ṣoṣo bọ ojú abẹ́rẹ́ kan. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá jù la ń wá.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí i lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ ní kó gbé ọkọ̀ sí pápákọ̀ ńlá bíi Heathrow, kó tẹ Shift àti Z pa pọ̀, kó sì máa tún un tẹ̀ títí iye àwòrán tó ń jáde nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan yóò fi hàn lókè. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Task Manager, ẹ lọ sí Performance, ẹ tẹ CPU, ìyẹn processor náà. Tó bá jẹ́ processor oní-core mẹ́rin ni, ẹ lè bá a pé gbogbo CPU kò ṣiṣẹ́ ju nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, nígbà tí géèmù ń kọsẹ̀ lójú yín. Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà rèé. Wọ́n á ní processor kò tilẹ̀ tíì ṣe nǹkan kan, káàdì graphics ló ní láti jẹ́, wọ́n á sì lọ ra káàdì. Ẹ wá fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ gíráàfù yẹn, ẹ yan Change graph to, kí ẹ mú Logical processors. Gíráàfù kan yóò di púpọ̀, ẹ ó sì rí ọ̀kan nínú wọn tó kún dé òkè tí kò sọ̀kalẹ̀, tí àwọn tó kù ń fì nílẹ̀. Èyí tó kún yẹn ló ń fa géèmù náà sẹ́yìn. Bí core mẹ́wàá mìíràn bá kún wọn, àwọn náà yóò kàn jókòó ni.

Nítorí náà, ohun méjì ni kí ẹ máa wò lára processor. Àkọ́kọ́ ni iye GHz tí core kan lè gùn dé, èyí tí wọ́n ń pè ní turbo. Èkejì ni ìran tí processor náà ti wá, nítorí ìran tuntun sábà máa ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ nínú GHz kan náà. Xeon E5-2680 v4 bẹ̀rẹ̀ láti 2.4 GHz, kò sì lè kọjá 3.3. Core i5-4590 ti ọdún 2014 ń dé 3.7. Core i3-10100 ti ọdún 2020 ń dé 4.3, ìran rẹ̀ sì tún wà níwájú ti àwọn méjèèjì. Ẹ má fi GHz nìkan ṣe ìdájọ́ o. AMD FX-8350 ti ọdún 2012 bẹ̀rẹ̀ láti 4.0 GHz, core mẹ́jọ ló ní, síbẹ̀ i5-4590 yóò fi í sílẹ̀ nínú géèmù yìí, nítorí pé iṣẹ́ tí core rẹ̀ kan ń ṣe nínú GHz kan kéré. Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn orúkọ náà ṣe pàtàkì. T túmọ̀ sí pé wọ́n ti dín iná tó ń jẹ kù, eré rẹ̀ sì dínkù pẹ̀lú: i5-6500 ń dé 3.6, i5-6500T kò kọjá 3.1, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń tà á lè pe méjèèjì ní i5 kan náà. Inú àwọn kọ̀ǹpútà kóńkóló tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn monitor ni T pọ̀ sí jù. F ní tirẹ̀ túmọ̀ sí pé kò ní graphics nínú. I3-10100F kò ní fi nǹkan kan hàn lójú monitor láìsí káàdì. Bí wọ́n bá ti ta i3 yẹn kí ẹ tó padà débẹ̀, i3-9100, i5-8500 tàbí i5-10400 yóò ṣe é dáadáa, torí gbogbo wọn ń kọjá 4 GHz. Bí ẹ bá rí i3-12100 ní iye tí ọwọ́ yín ká, ẹ má jẹ́ kó lọ. 4.3 lòun náà ń dé, ṣùgbọ́n ìran rẹ̀ fi púpọ̀ dára ju ti i3-10100 lọ.

Lórí ọ̀rọ̀ káàdì graphics ni owó ti ń ṣòfò jù. Bí processor kò bá tíì parí iṣẹ́ tirẹ̀ lórí àwòrán kan, kò sí nǹkan tí káàdì lè yà. Yóò dúró dè é ni. Káàdì tó tóbi ní ìlọ́po mẹ́ta yóò dúró dè é bákan náà. Graphics tó wà nínú i3-10100, UHD 630 lorúkọ rẹ̀, lè gbé Flight Simulator X lórí monitor 1920 x 1080 bí ẹ kò bá ti gbé omi àti ìkùukùu dé òkè pátápátá. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láìsí káàdì, kí ẹ lò ó fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé eré rẹ̀ dára nígbà tí ojú ọ̀run mọ́, ṣùgbọ́n tó ń fà gbàrà tí ẹ bá wọ inú ìkùukùu tó ki, tàbí nígbà tí ẹ bá tan anti-aliasing tó ń jẹ́ kí etí ìyẹ́ ọkọ̀ dán, a jẹ́ pé graphics ni kò tó. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó ra káàdì, kò sì ní láti ju GTX 1050 Ti tàbí GTX 1650 oní-4 GB lọ. Bó bá jẹ́ inú pápákọ̀ ńlá tàbí lókè ìlú ńlá ló ti ń fà, káàdì kò lè wo àìsàn yẹn sàn. Ẹ ṣọ́ra fún GT 1030. Oríṣi méjì ló wà pẹ̀lú orúkọ kan náà, oní-GDDR5 àti oní-DDR4, oní-DDR4 sì falẹ̀ gan-an. Ohun tó wà lára páálí kì í fi ìyàtọ̀ wọn hàn dáadáa. Sọ́fítíwíà GPU-Z yóò sọ èyí tó jẹ́, níbi tó ti kọ Memory Type.

RAM 64 GB yẹn, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń lò lọ́wọ́ sí, kò wúlò fún yín rárá, ó sì yẹ kí ẹ mọ ìdí rẹ̀. 32-bit ni Flight Simulator X, ti Steam náà kò yàtọ̀. Lórí Windows 64-bit, àyè tí irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀ lè nawọ́ dé kò ju 4 GB lọ, bí RAM tó wà nínú kọ̀ǹpútà ti wù kó pọ̀ tó. Tí àyè yẹn bá tán, géèmù á kú, á sì sọ pé kò sí memory mọ́, nígbà tí ẹ̀yin ń wo ọ̀pọ̀ GB tó ṣófo nínú Task Manager. Ọ̀pọ̀ ti ra RAM kún RAM nítorí ìkìlọ̀ yìí, tí ìkìlọ̀ náà kò lọ. Ohun tó ń jẹ àyè náà ni àwọn àfikún tó wúwo: pápákọ̀ tí wọ́n yà fínnífínní, ọkọ̀ akérò ńlá tí gbogbo bọ́tìnì inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, àti àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n gbé TEXTURE_MAX_LOAD rẹ̀ (ìwọ̀n tó ga jù tí àwòrán lè tóbi dé) láti 1024 dé 4096. 8 GB ti tó fún géèmù àti Windows pa pọ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè ni bóyá ẹyọ RAM kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ tàbí méjì. Graphics inú processor kò ní RAM tirẹ̀, inú RAM kọ̀ǹpútà ló ti ń bù jẹ, ẹyọ méjì tó dọ́gba sì máa ń jẹ́ kí ọ̀nà náà fẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Bó bá jẹ́ ẹyọ 8 GB kan ló wà nínú i3 yẹn, ẹyọ DDR4 8 GB mìíràn tí ẹ bá fi kún un yóò ṣe yín láǹfààní ju káàdì olówó ńlá lọ.

Ẹ rí i dájú pé SSD, ibi ìpamọ́ tó yára ju hard disk lọ, ni ẹ ó fi géèmù sí. Kò ní mú iye àwòrán inú ìṣẹ́jú-àáyá pọ̀ sí i, àmọ́ géèmù yóò tètè ṣí, ilẹ̀ tó ń ṣú bàìbàì níwájú yín tí kì í tètè mọ́ yóò dínkù, bẹ́ẹ̀ náà ni ìkọsẹ̀ tó máa ń wà nígbà tí ẹ bá ń wọ agbègbè tuntun. Steam ní kí ẹ fi 30 GB sílẹ̀ fún géèmù náà. 240 GB tó fún un pẹ̀lú Windows, àyàfi tí ẹ bá fẹ́ máa kó àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n yà láti òkè sínú rẹ̀, nítorí ìyẹn lè gbé ọgọ́rọ̀ọ̀rún GB mì.

Kò yẹ kí a ta i5-4590 nù. Bí owó yín kò bá tó i3, yóò gbé géèmù náà, ẹ kàn ní láti dín ọkọ̀ àti ilé kù sí i ní àwọn ìlú ńlá. Ìṣòro rẹ̀ wà níbòmíràn. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tó pẹlẹbẹ kì í gba káàdì gíga, àwọn tí wọ́n ń pè ní low profile nìkan ló ń wọ inú rẹ̀. Power supply rẹ̀, ìyẹn àpótí tó ń pín iná fún un, sábà máa ń wà láàárín 180 sí 260 W, kò ní wáyà tí wọ́n fi ń fún káàdì níná, ìrísí rẹ̀ àti ibi tó ti so mọ́ motherboard sì sábà máa ń jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é nìkan, tó fi jẹ́ pé èyí tí ẹ bá rà lọ́jà kò ní wọ̀ ọ́. Ihò PCIe tí káàdì ń wọ̀ kò lè fún un ju 75 W lọ. GTX 1050 Ti àti ọ̀pọ̀ GTX 1650 ò kọjá ìyẹn, ìdí nìyẹn tí mo fi dárúkọ wọn lókè. Ọ̀rọ̀ Windows náà tún wà níbẹ̀: Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹyìn dúró fún Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, i5-4590 àti Xeon yẹn kò sì sí nínú àwọn tí Windows 11 gbà. i3-10100 wà nínú wọn.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ẹ má sanwó kí ẹ tó tan án. Ẹ fi sọ́fítíwíà CPU-Z wo orúkọ processor ní kíkún, kí ẹ rí i bóyá T tàbí F wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ṣí sọ́fítíwíà HWiNFO, kí ẹ fún kọ̀ǹpútà níṣẹ́ tó le fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ máa wo ìgbóná àti GHz. Bí ìgbóná bá ń sún mọ́ 100°C tí GHz sì ń já wálẹ̀, eruku ti dí fáànù tàbí ọ̀rá tó wà láàárín processor àti irin tó ń tù ú ti gbẹ. Kì í ṣe ohun tó yẹ kó mú yín sá, owó kékeré ló ń tún un ṣe, ẹ kàn yọ ọ́ kúrò nínú iye tí ẹ ó san. CrystalDiskInfo yóò sọ bí ara SSD ṣe le tó. Ẹ tún wọ inú BIOS, ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó ṣí. Bí ó bá béèrè password tí ẹni tó ń tà á kò mọ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ má jẹ́ kí Steam wọ inú Program Files. Ẹ fi í sí C:\Steam, nítorí Windows kì í jẹ́ kí àwọn àfikún kọ nǹkan sínú Program Files bó ṣe yẹ, àṣìṣe tí ẹ ò ní mọ orísun rẹ̀ ló sì ń ti ibẹ̀ jáde. Nínú géèmù, lábẹ́ Graphics, ẹ so Target frame rate mọ́ 30. Ẹ pa Light bloom. Lábẹ́ Scenery, ẹ fi Water effects sí Low 2.x, Autogen density (bí ilé àti igi ṣe pọ̀ tó) sí Normal, Scenery complexity sí Dense. Lábẹ́ Traffic, ẹ gbé ọkọ̀ ojú títì wá sí 0, kí ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ òfúrufú akérò wà ní 15 tàbí 20. Ọkọ̀ ojú títì yẹn ń jẹ processor ju bí ojú ti lè rí i lọ, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ pa nígbàkúùgbà tí géèmù bá fà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkọ̀ òfúrufú, kí ó tó wá kan Autogen. Ẹ máa yí ẹyọ kan padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì máa fi pápákọ̀ kan náà àti ojú ọjọ́ kan náà dán an wò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Ẹ ó rí àwọn tó ń pín ìlà púpọ̀ kiri pé kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú fsx.cfg, fáìlì tí géèmù náà ń kọ ètò rẹ̀ sí. Ẹ má tètè gbà á. Orí kọ̀ǹpútà tí kò jọ tiyín ni wọ́n ti dán èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wò. Èyí tó yẹ kí ó wà níbẹ̀ ni HIGHMEMFIX=1 lábẹ́ [GRAPHICS]. Fáìlì náà wà nínú %APPDATA%\Microsoft\FSX. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Bí ó bá sì bàjẹ́, ẹ pa á rẹ́, géèmù yóò kọ tuntun fúnra rẹ̀.

Kò sí bí a ṣe lè ṣe ifá kó má hùwà èkùrọ́. Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ akérò àfikún tó wúwo, tí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nínú òjò ní pápákọ̀ àfikún kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ London, i3 yìí yóò fà, kọ̀ǹpútà tó gbówó lórí jù ú lọ ní ìlọ́po márùn-ún náà yóò fà díẹ̀. Àwòrán 25 sí 30 nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan tí kò gbọ̀n ni kí ẹ máa lé nínú géèmù yìí. Ẹni tó bá ń lé 60 níbi gbogbo yóò kàn máa náwó ni. Bó bá jẹ́ pé Microsoft Flight Simulator ti ọdún 2020 lọkàn yín ń fà sí lọ́jọ́ iwájú, ìṣirò yí padà: káàdì graphics di dandan, 150 GB ni wọ́n ní kí ẹ fi sílẹ̀ fún un, RAM 8 GB tí wọ́n pè ní èyí tó kéré jù sì máa fún un lọ́rùn gan-an. i3-10100 ṣì lè bá yín débẹ̀ níwọ̀nba, bí àyè káàdì bá wà nínú rẹ̀. Ẹ ò sọ bóyá ilé tirẹ̀ ga tàbí ó pẹlẹbẹ bíi ti i5 yẹn. Ẹ béèrè, kí ẹ sì jẹ́ kó ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹ rí power supply tó wà nínú rẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.